Irun Tí Wọ́n Gbìn Sí Mi Lórí

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí nígbà tí mo lọ bá dókítà pé kó gbin irun sí mi lórí. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló rẹ́rìn-ín, n kò sì bínú sí wọn. Ká ní ẹlòmíì ló ṣe é ni, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín títí màá fi di ikùn mú, torí pé láti nǹkan bí ọdún méjìdínlógún tí orí mi ti pá, kò sọ́jọ́ kan tí ọ̀rọ̀ irun dùn mí rí.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe. Bí máṣíìnì bá ń já òwú, bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń fo ibi tó yẹ kó gún, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le tí kò yí mọ́, èmi ni àwọn télọ̀ máa ń gbé e wá bá. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iná kan tó rọ̀ sílẹ̀ lókè tábìlì, àti àwọn agolo kéékèèké tí mo kó súkúrúù sí. Bí mo bá tẹrí ba lábẹ́ iná yẹn, orí mi á máa dán yanran. Ìyàwó mi ló sọ mí ní Dígí. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn télọ̀ obìnrin á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Dígí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹrí ba díẹ̀ ká fi kun àtíkè." Èmi náà á sì tẹ̀ ẹ́ ba fún wọn.

Télọ̀ ni ìyàwó mi. Ibi tí mo ti lọ tún máṣíìnì ọ̀gá rẹ̀ ṣe, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, la ti mọra. Irun kún orí mi fọ́fọ́ nígbà yẹn, mo máa ń yà á sí apá ọ̀tún, mo sì ń fi òróró pa á. Ó sọ fún mi pé irun yẹn lòun kọ́kọ́ rí kí òun tó rí ojú mi, torí pé mo ti kó orí sábẹ́ máṣíìnì nígbà tó wọlé. Aṣọ ọmọ ilé ìwé ló máa ń rán jù. Ó lè gé ogún ṣòkòtò láàárọ̀ kan láìtún téèpù mú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rán apá aṣọ mọ́ ọrùn. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó tún ṣe é, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo bá a tó jókòó ti máṣíìnì, ó mú òwú dání, ó ń wo ojú abẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè ní èdè tí kò gbọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò inú orí rẹ̀, wọ́n bi í ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, wọ́n ní kó ya aago sórí pépà. Aago tó yà kò lọ́wọ́. Dókítà pe èmi nìkan wọlé. Ó ní àìsàn tó ń jẹ ọpọlọ ni, pé àwọn àgbàlagbà ló sábà máa ń mú, àmọ́ ó máa ń mú ẹlòmíì láìtọ́jọ́, kò sì sí oògùn tó lè wò ó.

Mo bi í pé, "Báwo ló ṣe máa wá rí?"

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ló máa kọ́kọ́ gbàgbé," ó ní. "Tàtijọ́ ló máa gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ nǹkan tàtijọ́ á ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀."

Ó fi tù mí nínú ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ní nínú fún èmi alára, àfìgbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ wá fún un láti ìdáná. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká aṣọ. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ káàsán sà," ó wí. "Ta lẹ ń wá?"

Mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, ìyàwó mi kì í sọ "ẹ" fún mi àfi tí àlejò bá wà nílé. Bí àlejò bá ti lè fẹsẹ̀ kan jáde báyìí, "ìwọ Dígí yìí" la máa ń padà sí.

"Èmi ni," mo ní. "Oúnjẹ rè é."

"Ẹ ṣeun sà, ẹ gbé e síbẹ̀. Ọkọ mi ò sí nílé, kò sì ní dáa kí wọ́n bá yín nínú yàrá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é níta."

"Èmi ni ọkọ ẹ."

Ojú rẹ̀ yí bìrí. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ojú ò tì yín? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ!" Ló bá figbe ta. Ó sọ aṣọ lù mí, ó sọ bàtà, ó sọ síbí tó wà nínú abọ́. Ọmọbìnrin wa, tí í ṣe tíṣà, tó sì ń gbé lọ́dọ̀ wa, sáré wọlé.

"Mọ́mì! Mọ́mì, Dádì nìyí."

Ìyá rẹ̀ fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú fọ́tò ìgbéyàwó wa jáde, ó nà án sí i lójú. "Ọkọ mi rè é. Wò ó dáadáa. Ṣé o rí irun kankan lórí bàbá yẹn ni?"

Mo gbé abọ́ jáde. Orí àga ìta ni mo jókòó sí títí ọmọ wa fi fún un lóúnjẹ tán.

Láti ọjọ́ náà lọ, mo di bàbá àlejò nínú ilé mi. Nígbà míì ó máa ń mọ̀ mí fún wákàtí kan tàbí méjì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í mọ̀ mí. Mo dé fìlà, ó ń yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ohùn mi kò sọnù sí i lọ́wọ́. Bí mo bá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí kò rí mi, tí mo pè é, á dá mi lóhùn kíá. "Ìwọ! Ibo lo wà láti àárọ̀? Máa bọ̀ jàre, bàbá kan wà nílé yìí tó ń dà mí láàmú." Mo máa ń dúró síbẹ̀, màá gbórí lé ilẹ̀kùn, a ó máa sọ̀rọ̀. Ó ń bi mí léèrè owó òwú, ó ń sọ fún mi pé ọ̀gá òun bá òun wí. Ọ̀gá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bí mo bá ti gbójú wọlé, ọ̀rọ̀ tán.

Mo ra wíìgì. Mo mọ̀ pé kò bójú mu, àmọ́ mo rà á, mo yà á sí ọ̀tún, mo wọlé. Ó wò mí títí. Ó rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "O rù o." Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Ó wá nawọ́ sí iwájú orí mi bó ṣe máa ń ṣe láyé ọjọ́un. Ṣé télọ̀ ni: ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé ohun tí orí rẹ̀ gbàgbé. Ó fìka tọ etí wíìgì náà lọ, ó dúró.

"Wọ́n rán an ni," ó ní. "Wọ́n rán irun yìí ni."

Ó fà á yọ. Ó wo orí mi, ó wo irun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. "Irun ọkọ mi ló gé! Ẹ gbà mí o, ó ti pa ọkọ mi!" Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun nílé yẹn bí kò bá tíì rí i pé mo ti jáde.

Ìyẹn ni mo fi wá irun tí ẹnikẹ́ni kò rán. Nígbà tí mo sọ fún ọmọbìnrin mi, ó gbé ìwé tó ń máàkì sílẹ̀.

"Dádì, kì í ṣe irun ló ń ṣe Mọ́mì."

"Mo mọ̀."

"Tí ẹ bá mọ̀, kí lẹ wá fẹ́ lọ fi ara yín jìyà sí?"

"Tó bá mọ̀ mí lọ́jọ́ kan péré, ó tó mi." Ó wojú mi, kò bá mi jiyàn mọ́. Òun ló wá bá mi wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Dókítà tó ń gbin irun náà kéré sí mi dáadáa. Obìnrin ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi awò kan wo orí mi káàkiri, ó fìka tẹ ìpàkọ́ mi níbi tí irun ṣì wà, ó fi bírò fa ìlà sí iwájú orí mi.

"Ibí ni màá ti mú un," ó ní, ó fọwọ́ kan ìpàkọ́ mi. "Irun ìpàkọ́ kì í sábà já. Tí mo bá ṣí i lọ síwájú, ìwà ìpàkọ́ yẹn náà ló máa máa hù níbẹ̀."

Mo mú fọ́tò ìgbéyàwó jáde. "Ṣé ó lè rí báyìí?"

Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Sà, mi ò ní tàn yín. Irun tó máa pọ̀ tó èyí ò sí lórí yín mọ́. Iwájú ni mo lè ṣe, dé àárín díẹ̀. Tí ẹ bá ń yà á dáadáa, ẹni tó bá kọjú sí yín ò ní mọ̀."

"Iwájú náà ni mò ń fẹ́."

"Kò sì ní yá o. Láàárín oṣù kan, gbogbo ohun tí mo bá gbìn á já dànù. Ẹ má bẹ̀rù, gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì wà nínú. Ó máa tó oṣù mẹ́rin kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó sì máa tó ọdún kan kó tó pé."

Ọdún kan. Mo bi í bóyá kò sí bó ṣe lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó rẹ́rìn-ín. "Irun ò mọ̀ pé ẹ ń kánjú, sà. Ṣé ẹ ní ayẹyẹ kan níwájú ni?"

"Rárá. Mo kàn fẹ́ padà dà bí mo ṣe wà ni."

Ó ní ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nìyẹn.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá mi dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tó nihò fún ojú, débi pé ilẹ̀ nìkan ni mò ń wò: táìsì funfun, bàtà rọ́bà dókítà, àti bàtà àwọn nọ́ọ̀sì méjì. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa orí kú, kó má bàa mọ ìrora, ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n gún un yí ìpàkọ́ mi ká, omi ń bọ́ lójú mi, ó ń kán sórí táìsì. Nọ́ọ̀sì kan ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá, ó kù díẹ̀," bẹ́ẹ̀ kò kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà orí mi di orí ẹlòmíì. Mo ń gbọ́ ìró irinṣẹ́ tó ń yí, tó ń hú irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìró máṣíìnì tó nílò ọ́ílì gẹ́lẹ́, n kò sì mọ nǹkan kan lára.

Lọ́sàn-án wọ́n fún mi ní búrẹ́dì àti tíì, wọ́n wá dá mi dùbúlẹ̀ kí n kọjú sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì jókòó ti abọ́ omi tútù, wọ́n ń fi awò ṣa irun náà: èyí tó dá wà lọ́tọ̀, èyí tó pé méjì lọ́tọ̀, èyí tó pé mẹ́ta lọ́tọ̀. "Èyí tó dá wà la máa fi síwájú pátápátá," dókítà ní, "kó má bàa dà bíi búrọ́ọ̀ṣì." Ó ń dá ihò tíntìntín sí iwájú orí mi, gbogbo wọn sì dagun síbì kan náà. Èmi tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún wo ojú ìrán, mo mọ iṣẹ́ tó dáa bí mo bá rí i. Mo bi í bó ṣe ń mọ ibi tó yẹ kí irun kọjú sí.

"Fọ́tò yín ni mò ń wò," ó ní. Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè orí mi.

Ká sòótọ́, ọ̀sán yẹn nìkan ni inú mi dùn ní gbogbo ọdún náà. Mo pajú dé. Mo ń rí ìyàwó mi tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń nawọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ inú irun náà lọ, tí kò bá ojú ìrán kankan níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa parí, wákàtí mẹ́jọ ti kọjá, irun tí wọ́n gbìn sì lé ní ẹgbẹ̀rún méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, orí mi wú. Wíwú náà sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú orí, ó dé ojú, ojú mi méjèèjì pa dé bíi ti ẹni tí oyin ta. N kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyàwó mi rí mi bẹ́ẹ̀, torí náà ṣọ́ọ̀bù ni mo ń sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ti kó wá sọ́dọ̀ wa láti bá wa tọ́jú rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mo gbọ́, mi ò gbà á gbọ́, àfìgbà tí mo fojú ara mi rí i," ó ní. "Àbúrò mi ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì mọ́, ìwọ wá lọ ń gbin irun. Ta lo fẹ́ fẹ́?"

"Àǹtí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló ṣe jẹ́, nígbà náà? Ọkùnrin tó ti ju ẹni àádọ́ta lọ ò kàn ní jí lọ́jọ́ kan kó máa wá irun. Bó o bá ti rí ọmọge kan, sọ fún mi, kí n gbé àbúrò mi lọ."

Ó yẹ kí n sọ fún un. Ẹnu mi kò gbà á. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́kàn pé màá sọ pé torí kí ìyàwó mi lè mọ̀ mí ni, èmi fúnra mi gbọ́ bó ṣe rí létí, bí ọ̀rọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ náà ti fẹ́ dà rú. Ó pòṣé, ó lọ. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá kíkí mi lóhùn mọ́. Ó ń gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ lórí tábìlì láìsọ̀rọ̀. Àwọn télọ̀ náà kò jẹ́ kí n rímú mí. Wọ́n ní Dígí ti fọ́. Wọ́n ní ta ni ìyàwó tuntun náà, wọ́n ní ṣé kí àwọn wá wọ̀n ọ́n fún aṣọ. Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo ń da ọ́ílì sí máṣíìnì wọn.

Irun náà já lóòótọ́, bí dókítà ṣe sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ń bá a lórí ìrọ̀rí láràárọ̀. Orí mi tún padà dán, ó tún wá ní àmì kéékèèké ní ìpàkọ́. Mo wá dúró.

Ìyàwó mi kò dúró ní tirẹ̀. Ní oṣù kejì, ó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lo síbí. Ní oṣù kẹta, ó bi ọmọ wa pé, "Àǹtí tíṣà, ta lẹ wá kọ́ níwèé nílé yìí?" Ọmọ náà ní, "Ẹ̀yin ni mo wá kọ́, mà," ó sì lọ sunkún sí balùwẹ̀. Èmi ṣì ní ilẹ̀kùn mi. Mo ṣì máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀ lọ́sàn-án, màá pè é, á dá mi lóhùn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń kúrú sí i. "Ìwọ!" "Wá!" "Ṣé ìwọ ni?" Ní ìparí oṣù karùn-ún, mo pè é, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó ti sùn. Mo yọjú. Kò sùn. Ó jókòó, ó ń wo ojú fèrèsé. Mo padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo tún pè é, mo pè é lórúkọ tí èmi nìkan ń pè é. Kò tiẹ̀ yíjú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ tuntun. Mo ní rúlà irin kan ní ṣọ́ọ̀bù tí mo fi ń wọn àlàfo abẹ́rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn irun náà láràárọ̀ Mọ́ńdè, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó ṣe kíá. Mo mọ̀ pé ohun tí mò ń sá tẹ̀ lé ti ń pòórá lójú mi, síbẹ̀ n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ní oṣù kẹwàá, ó ti tó. Mo ra dáì dúdú, ọmọ wa bá mi fi kùn ún. Ó fi òòyà yà á sí ọ̀tún, ó gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí kó lè rí i yà bó ṣe wà níbẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó fà sẹ́yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Dádì," ó ní, "ẹ̀yin náà nìyí."

Mo wọ ẹ̀wù tí ìyàwó mi rán fún mi ní ọdún tí a fẹ́ra. Kò tó mi níkùn mọ́, n kò de bọ́tìnnì ìsàlẹ̀. Ọ̀sán ni, ìmọ́lẹ̀ kún yàrá. Àǹtí ń bọ́ ìyàwó mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Bó ṣe gbójú sókè tó rí mi, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo orí mi. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó dìde fún mi, ó bọ́ sí igun yàrá.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó mi kí orí mi lè wà ní ibi tí ojú rẹ̀ wà. "Ìwọ," mo ní. "Mo ti dé."

Ó wò mí. Kò bẹ̀rù, kò bínú, kò pè mí ní bàbá, kò pariwo olè. Ojú rẹ̀ kọjá lórí irun náà bí ó ṣe ń kọjá lórí kọ́tìnnì. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé orí mi. Ọwọ́ náà dúró síbi tí mo gbé e sí. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ó já bọ́ sórí itan rẹ̀.

Mo na fọ́tò náà sí i. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. "Wo ọkọ ẹ," mo ní. "Wò ó. Wo èmi náà."

Ó gba fọ́tò náà. Ó gbé e dojú délẹ̀, ó yí i padà, ó tún yí i. Ooru ń mú lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ara rẹ̀.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Àǹtí wá gbá mi mú láti ẹ̀yìn. "Dìde, ọkọ àbúrò mi," ó ní. "Dìde jàre." Ó ń sunkún ju èmi lọ. Ọkùnrin inú fọ́tò yẹn ni mo ti fi oṣù mẹ́wàá gbáko dà. Òun náà ti di ẹni tí ìyàwó mi kò mọ̀.

Nígbà tó pé ọdún kan, mo padà lọ bá dókítà torí ó ní dandan ni kí òun yẹ orí mi wò. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n wá wo bó ṣe hù, ó yà mí ní fọ́tò láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ó ní irun náà gbà ju bí òun ṣe rò lọ.

"Kí ni wọ́n ń sọ nílé?" ó bi mí. "Ṣé ìyàwó yín fẹ́ràn ẹ̀?"

"Ó fẹ́ràn ẹ̀," mo ní.

Mo lọ sọ́dọ̀ agẹrun ní ọ̀nà ilé, mo ní kó fá gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é, pé irun yìí dáa lórí mi. Ó fá a. Láàárín oṣù kan ó ti tún kún. Mo tún fá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ń hù padà, àárẹ̀ mú mi, mo fi í sílẹ̀. N kò yà á mọ́, n kò sì kùn ún. Ewú ti bò ó. Àwọn télọ̀ kò bá mi ṣeré mọ́, torí pé Àǹtí ti lọ sọ fún wọn, ojú àánú ni wọ́n fi ń wò mí. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Dígí.

Ìyàwó mi wà láyé. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì rìn mọ́. Ohun kan tó ṣì ń ṣe ni pé ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀, á dì í mú: aṣọ, síbí, etí ìrọ̀rí. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ní bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣe ń rí tó bá débẹ̀, pé ọmọ ìkókó náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé kò ní ìtumọ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ wa ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ bá a láti gbé èjìká rẹ̀, ni ọwọ́ rẹ̀ bá bá irun orí mi, ló bá dì í mú. Ó fà á. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ wa gbìyànjú láti tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń tú ọ̀kan ni òmíràn ń padà.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n mú sísọ́ọ̀sì."

"Rárá," mo ní. "Fi í sílẹ̀."

Mo gbé orúnkún lé ilẹ̀, mo gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí bí mo ṣe lè dìde. Ojú rẹ̀ là, àjà ló ń wò. Ọmọ wa ká aṣọ tó dọ̀tí, ó gbé e jáde. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń pọn omi sínú báfù. Ó tó bí ogójì ìṣẹ́jú kí ìyàwó mi tó sùn lọ, kí ọwọ́ rẹ̀ tó dẹ̀. Mo rọra yọ orí mi, mo fi aṣọ bò ó dé àyà, mo sì jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, torí mo ti ṣèlérí fún télọ̀ kan pé máṣíìnì rẹ̀ á ti ṣe tán kó tó di aago mẹ́rin.